Ogún Náírà Lọ́wọ́ Áńtì

Tí wọ́n bá dárúkọ Bwari, ohun méjì ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọmọ Nàìjíríà: JAMB àti Law School. A kò lè bá wọn jà sí i. Olú iléeṣẹ́ JAMB, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1978, ló wà níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Law School kó wá láti Èkó lọ́dún 1997. Òbí tí èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ há síbì kan ń wọkọ̀ òru lọ síbẹ̀ láti lọ bẹ̀bẹ̀. Àwọn tó fẹ́ di lọ́yà ń wọ dúdú òun funfun kọjá lẹ́bàá títì. N kò tíì pàdé ẹni tó wọkọ̀ lọ sí Bwari nítorí kíláàsì kejì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Nínú ìbéèrè 180 tí JAMB ń bi ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì, 60 jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́, ìbáà ṣe dókítà ló fẹ́ dà, ìbáà ṣe oníṣirò owó. Kí ọmọ tó dé ìdí 60 yẹn, ẹnìkan ti jókòó tì í nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ó ti kọ́ ọ pé àmì tó wà lójú bébà ń fọhùn. Lójú tèmi, ẹni yẹn ni oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọṣẹ́ jù ní gbogbo Bwari, kò sì sẹ́ni tó ń kí i kú iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Áńtì, bí àwọn ọmọ ṣe ń pè é. Tó bá jẹ́ ọkùnrin, Ọ́ńkù ni. Àwọn tó ń sọ Hausa nílé lè ní Màlámà. Kì í ṣe ẹnìkan pàtó ni mò ń sọ. Mo ti jókòó lẹ́yìn kíláàsì irú wọn, àwọn tó mọṣẹ́ sì jọra, yálà ní LEA tó wà nínú Bwari fúnra rẹ̀ ni (LEA ni gbogbo ayé ń pe ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Abuja) tàbí ní Ushafa, tàbí ní Dutse, tàbí ní Kubwa.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, ẹ ó bá gbólóhùn kan lójú pátákó, “The goat is in the market”, tí kíláàsì ń fi gbogbo ọ̀fun kà. Òrùlé páànù á máa dún. Àlejò á pàtẹ́wọ́. Áńtì kì í pàtẹ́wọ́. Ìparí ariwo náà ló dẹtí sí. Ọmọ tó ń kàwé àti ọmọ tó ń tẹ̀lé ẹni tó ń kàwé kì í parí papọ̀. Ẹni tó ń tẹ̀lé máa ń pẹ́ díẹ̀. Ó máa ń la ẹnu lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti la tiwọn, ìró tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nìkan ló sì máa ń jáde dáadáa lẹ́nu rẹ̀. Láàárín bí ogójì ohùn, Áńtì ń gbọ́ àwọn mẹ́ta mẹ́rin tó pẹ́ yẹn. Kò ní dárúkọ wọn. Á mú ọ̀pá, á gbé e lé “market”, kì í ṣe lé “The”. Á fò sí “in”. Á padà sórí “goat”. Orin já nìyẹn. Ẹni tó há gbólóhùn sórí kò ríbi dì mú mọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ṣì ń kà á lọ.

Ó tún ní ọgbọ́n kejì, tí mo fẹ́ràn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìwé àwọn ọmọ kún fún àwòrán, ọmọ sì gbọ́n. Tó bá ti rí ewúrẹ́ nínú àwòrán, “goat” lá máa pè, kódà kó jẹ́ “animal” ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Áńtì á lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, á na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀ bí ẹni fẹ́ bá a tún ìwé gbé, àtẹ́lẹwọ́ á sì bo ewúrẹ́ náà mọ́lẹ̀. “Ó yá, máa kà á lọ.” Kò sí ìbínú níbẹ̀, kò sí ẹ̀sín. Kí ọmọ tó fura, Áńtì ti mọ ohun tí ìdánwò ọ̀sẹ̀ kan kò lè sọ fún un.

Etí yìí kan náà ló fi ń mọ ilé tí ọmọ ti wá. Gbagyi ló ni ilẹ̀ Bwari, Hausa sì ni èdè ọjà, ṣùgbọ́n àwa Yorùbá pọ̀ níbẹ̀, Igbo pọ̀, Tiv, Igala àti Ebira wà, orí bẹ́ǹṣì kan náà sì ni ọmọ gbogbo wọn ń jókòó sí. Ọmọ tiwa á ka “zoo” bí ẹni pé S ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Á yọ H kúrò níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, á wá lọ fi í síwájú “egg” tí kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ọmọ tó ń sọ Hausa nílé lè fi F rọ́pò P, kí “people” di nǹkan mìíràn. Olùkọ́ tí kò mọṣẹ́ á jágbe mọ́ ọn, á ní kí ẹlòmíì dìde. Áńtì mọ̀ pé èdè ìyá ọmọ náà ló ń bá a kàwé. Á ní kí gbogbo kíláàsì fi ìka méjì lé ọ̀nà ọ̀fun. “Ẹ ṣe S.” Ọ̀fun dákẹ́. “Ẹ ṣe Z.” Ọ̀fun ń gbọ̀n lábẹ́ ìka, ẹ̀rín á sì sọ. Tó bá kan P àti F, á ya bébà pélébé, á gbé e síwájú ètè ọmọ. Tó bá pe P dáadáa, bébà á ta lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ F ni, ńṣe ni á rọra máa fì. Ọmọ á fúnra rẹ̀ rí ìyàtọ̀ tí etí rẹ̀ kò tíì gbọ́. Mo mọ àwọn onímọ̀ èdè ní yunifásítì tí wọ́n ń fi wákàtí kan ṣàlàyé ohun tí bébà yẹn ṣe. Àlàyé wọn dára. Bébà yá jù.

Yorùbá tó ń ka èyí lè ti máa bínú: èéṣe tí wọn kò fi èdè ilé kọ́ ọmọ? Ìbéèrè náà kò burú, a sì ti dáhùn rẹ̀ rí. Lọ́dún 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé ẹ̀kọ́ kan ní Modákẹ́kẹ́, St. Stephen’s “A”, Ford Foundation gbówó sílẹ̀, wọ́n sì fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ ni, ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń kọ́ wọn. Ìwé tí wọ́n máa lò kò sí. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́. Nígbà tó yá tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà wé ẹgbẹ́ wọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, wọn kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tó ròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 1989, kí Fáfúnwá tó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́.

Àmọ́ èdè kan ni Modákẹ́kẹ́ ń sọ. Bwari ńkọ́? Èdè ta la ó mú lórí bẹ́ǹṣì tí ọmọ mẹ́rin jókòó lé, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sọ èdè mẹ́rin nílé? Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kubwa pàápàá, ìgbà tí inú bá ń bí ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ ojúlówó Yorùbá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà Túnjí Alausa kéde ní Abuja pé àwọn ti pa ìlànà náà tì, pé Gẹ̀ẹ́sì ni láti jẹ́lé-ó-sinmi lọ sókè. Ó dùn mí nítorí Modákẹ́kẹ́, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó ti Áńtì, ẹ ó rí i pé ìlànà méjèèjì kọjá lórí kíláàsì rẹ̀ láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Tó bá rí ojú ọmọ tí kò gbọ́ ohun tó sọ, á fi Hausa là á yé e, kò ní ju ìdajì gbólóhùn lọ, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. “Kun gane?” “Mun gane!” Ìwọ̀n ìdajì gbólóhùn yẹn ni ọgbọ́n rẹ̀. Tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ tí kò gbọ́ Hausa ti sọnù. Tí kò bá sọ ọ́ rárá, ẹni tí kò gbọ́ ju Hausa lọ ló sọnù.

Lẹ́yìn àkókò ìṣeré, Social Studies ló kàn. Kò pẹ́ nílẹ̀ wa bíi Gẹ̀ẹ́sì. Comprehensive High School tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1963 ní Ayétòrò, nílẹ̀ Yewa, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e dání. Lọ́dún 1968 àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣèpàdé lé e lórí ní Mombasa, ó sì tàn ká. Nígbà tí ìjọba wá yọ History kúrò nínú ohun tí ọmọdé ń kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Social Studies ni wọ́n ní kó máa gbé ẹrù rẹ̀. Ẹrù náà wúwo, gbólóhùn tí ìwé ọmọ fi ń gbé e kò sì ju ẹyọ kan méjì lọ: Abuja ni olú ìlú Nàìjíríà, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni wọ́n kó o wá láti Èkó. Ọmọ Àkúrẹ́ á há a sórí, ó parí. Fún ọmọ Bwari, ọ̀rọ̀ ilé ni.

Áńtì ní ogún náírà kan tó ń fi pamọ́ sínú rẹ́jísítà. Ogún náírà kò ra omi inú ọ̀rá mọ́, ọmọdé kì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú un nílẹ̀. Lọ́wọ́ Áńtì, ó ń kọ́ni fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti ń fi nǹkan tó dà bí ọ̀rá ṣe é, nítorí náà ó lè ti ọwọ́ gbogbo kíláàsì kọjá kó má ya.

“Ẹ wo iwájú rẹ̀. Ta lẹ rí?”

“Ọkùnrin!”

“Ẹ má kígbe ọkùnrin sí mi létí. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ kà á.”

Murtala Muhammed ni. Òun ni olórí orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, nígbà tí òfin ya ilẹ̀ yìí sọ́tọ̀ fún olú ìlú tuntun, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Àgùdà ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n pa á. Kíláàsì á pa lọ́lọ́. Áńtì kì í fi nǹkan kan kún un.

“Ẹ yí i padà.”

Obìnrin kan ń mọ ìkòkò lẹ́yìn owó náà. Ladi Kwali ni, ọmọ Gbagyi, tí wọ́n bí ní Kwali, nínú ilẹ̀ tó di ti olú ìlú lónìí. Lọ́dún 1954 ó wọ ibi ìkọ́ṣẹ́ amọ̀ tí Michael Cardew, ará Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Suleja. Òun ni obìnrin tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Abuja ni wọ́n ń pe Suleja nígbà náà, kí olú ìlú tuntun tó gba orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí Ladi Kwali bá ń mọ ìkòkò ńlá, ìkòkò kì í yí. Òun ló ń yí ìkòkò po, tó ń fi amọ̀ tó ti yí gígùn lé orí ara wọn, tó ń fi ọwọ́ dán an, tó sì ń fín alángbá àti ejò sí i lára. Áńtì á ní kí ọmọ kan dìde, kó yí àga po bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ushafa lè má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ìkòkò kò ṣàjèjì ládùúgbò wọn.

Iwájú owó, ẹni tí ìjọba rẹ̀ gba ilẹ̀. Ẹ̀yìn owó, ọmọ onílẹ̀. Bóyá Central Bank rò ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ o, bóyá wọn kò rò ó. Áńtì rò ó.

Ó sì tún kù. Wọ́n kọ iye owó náà síbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Hausa, ní Yorùbá àti ní Igbo. Ọmọ Yorùbá á ka tirẹ̀ sókè, á máa yan. Ìgbà yẹn ni Áńtì á béèrè pé, “Èdè tí ìyá yìí ń sọ ńkọ́?” Á wá dúró. Dídúró yìí le ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò lè dẹ́nu dúró fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn ọmọ á tún gba owó náà, wọ́n á wá a níwájú, wọ́n á wá a lẹ́yìn. Kò sí níbẹ̀. Ti Tiv kò sí, ti Igala kò sí. Áńtì kò ní bú ìjọba, kò sì ní wàásù. Iṣẹ́ àṣetiléwá ni: kí oníkálukú lọ béèrè nílé bí wọ́n ṣe ń pe ogún, kó kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, pátákó á kún, ọmọ Gbagyi ni Áńtì máa ń kọ́kọ́ fún ní ṣọ́ọ̀kì. Àbí ilé ta la wà?

Ọ̀rọ̀ ẹbí gba ọgbọ́n ju ìyẹn lọ. Àwòrán ẹbí máa ń wà nínú ìwé, bàbá, ìyá, ọmọ méjì, bàbá wọ táì. Ní Bwari, ọmọ púpọ̀ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá, lọ́dọ̀ ìyá àgbà, lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí láti abúlé. Áńtì kì í béèrè pé kí ni iṣẹ́ bàbá rẹ. Ohun tó ń béèrè ni, “Ta ló kọ́kọ́ jí nílé yín láàárọ̀?” Kò sọ́mọ tí kò ní ìdáhùn sí ìyẹn. Áńtì mọ ohun tó fẹ́ mọ̀, ojú kò sì ti ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Kubwa lè dìde lọ́jọ́ kan, kó ní Maitama ni bàbá bàbá òun ti wá. Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, torí ibi tí àwọn ọlọ́rọ̀ àti àwọn aṣojú ìlú òyìnbó ń gbé ni wọ́n mọ Maitama sí. Ọmọ náà kò purọ́. Àwọn Gbagyi tó ń dáko ní Maitama, Kubwa ni wọ́n kó wọn lọ nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ olú ìlú. Áńtì á ní kó tún un sọ, kó rọra sọ ọ́, á sì kọ ọ́ sójú pátákó lábẹ́ gbólóhùn ti ọdún 1991. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe ọ̀rọ̀ omi. Ìsàlẹ̀ odò Usuma ni wọ́n sé nítòsí Ushafa, omi rẹ̀ sì ni wọ́n ń fà lọ sí àárín Abuja. Síbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, mẹ́rúwà ló ń ti kẹ́ẹ̀gì kiri fún àwọn tó ń gbé nítòsí rẹ̀. Ẹ ya ọ̀nà tí omi ń gbà, lá wí. Àwọn ọmọ ló máa rí ibi tí ìlà náà ti já.

Tí wọ́n bá kọ àròkọ, gbogbo ìwé wọn ló ń bá a relé. Ẹ wo bó ṣe ń fi bírò pupa ṣiṣẹ́. Àṣìṣe inú ìwé kan lè tó ogún. Irú kan ṣoṣo ló máa fàlà sí nídìí. Lọ́sẹ̀ yìí, àmì ìdánudúró. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́tà ńlá. Àwọn yòókù á dúró de ọjọ́ tiwọn. Òbí máa ń bínú sí i, wọ́n á ní kò máàkì dáadáa. Ìwé tí gbogbo rẹ̀ bá pọ́n, ọmọ kì í fẹ́ ṣí i mọ́, òbí kì í wò ó débẹ̀. Létí ìwé, Áńtì á kọ ìbéèrè kan, “What did she cook?”, ọmọ á sì fi gbólóhùn mẹ́ta dá a lóhùn, ọmọ tó jẹ́ pé lánàá, gbólóhùn mẹ́ta ni gbogbo àròkọ rẹ̀.

Lọ́dún 2025, àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Abuja daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù tó lé ní mẹ́ta, torí pé wọn kò rí owó oṣù tó kéré jù gbà, ₦70,000 tí òfin ti fọwọ́ sí lọ́dún 2024. Ìbínú wọn tọ́. Oṣù Keje ni wọ́n padà. Ọmọ kíláàsì kejì tó bá fi oṣù mẹ́ta jókòó sílé ti gbàgbé púpọ̀, irú ọjọ́ ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀ la sì ń mọ ẹni tó mọṣẹ́. Ẹlòmíì á ṣíwèé síbi tí wọ́n bá a dé. Áńtì á pa ìwé dé. Á bi ẹnìkọ̀ọ̀kan léèrè ohun tó ń ṣe látọjọ́ yìí, á kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu ọmọ, láìtún un ṣe: “Me I sell pure water for Dutse.” “My brother go village.” “We pack from our house.” Ọmọ tó gbàgbé ìwé kíkà kò tíì gbàgbé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, nítorí náà ó lè ka gbólóhùn tirẹ̀, ti ẹni tó jókòó tì í ló kàn. Ìgbà tí wọ́n bá kà á tán ni Áńtì á béèrè bí ìwé ṣe máa sọ ọ́, wọ́n á sì jọ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dojú ìbéèrè kọ ẹni tó ta omi: èló lo rà á, èló lo tà á, ta ló ń rà á, níbo ni omi náà ti wá?

Nínú lesson note tó máa gbé fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kó fọwọ́ sí, abẹ́ English Studies ti aago mẹ́sàn-án ló kọ iṣẹ́ yìí sí. Ó tún kọ ọ́ sábẹ́ Social Studies ti aago mọ́kànlá.